Ọdẹ́rìndé àti Ilẹ̀kùn Agbóhùnmì

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, kó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí n kì í bá èèpo ẹ̀pà pín ariwo. Ẹni tí oorun ń kùn, kó kọjá sílé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti gbọ́ ẹkún ẹfọ̀n rí. Mo ti bá iwin jẹ iṣu nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fi ìbínú dìde, nítorí iwin náà ò mọ̀wàá hù. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bó o bá pàdé irú rẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan kan sin nínú rẹ.

Inú ń bí mi lónìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi gbé ìtì igi kan wá láti oko, igi tí mo fẹ́ fi tún àjà ilé mi ṣe. Mo wò yín lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí lẹ wí? "A ti gbọ́, bàbá." Inú mi dùn, mo se iṣu sílẹ̀ dè yín. Iṣu tutù, iṣu le gbandi, mo jókòó tì í títí, n ò rí ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe fi ojú Ọdẹ́rìndé rí màbo, ọdẹ kan tó jẹ́ ará Ìdí-Ìyeyè.

Ìdí-Ìyeyè wà létí igbó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ òpin rẹ̀. Nínú igbó náà ni ohun kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Apenilórúkọ. Kò léyín, kò ní èékánná, ohùn nìkan ló ní. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹ́ rọ̀ lọ́dọọdún, á wá sẹ́yìn odi ìlú, á pe orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún pe orúkọ yẹn kan náà. Bó bá pè é lọ́dún kẹta, olórúkọ á dáhùn, á sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa tẹ̀ lé ohùn náà wọgbó lọ. Bí ẹ bá dè é lókùn, á já okùn. Bí ẹ bá tì í mọ́lé, á já ilẹ̀kùn. Wọn ò sì ní rí i mọ́ láé.

Láyé àwọn àgbà, ilẹ̀kùn kan wà ní ẹnubodè, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tì í, ohùn yòówù tó bá ti inú igbó wá ló máa ń gbé mì. Agbóhùnmì ni wọ́n ń pè é. Ikán ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Apenilórúkọ sì ti pe Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀mejì.

Àwẹ̀ró yìí lọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́rìndé bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákòrò. Bàbá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun náà ló tún ń dirun fún un. Irun náà kì í dára rárá. Ṣùkú tó bá dì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dà bí igbá tí wọ́n dé láàbọ̀. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé irun lo dì ni àbí tàkúté lo dẹ?" Àwẹ̀ró ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí òun. Nítorí ọmọ yẹn ló ṣe rin ìrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ má gbàgbé.

Ọba Ìdí-Ìyeyè gbọ́ pé àwọn iwin tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn ṣì wà láàyè lódìkejì igbó, wọ́n sì lè gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló ń rù ú, kò ṣeé dá rù. Ọba fi Ọdẹ́rìndé ṣe ọ̀gá ìrìn náà, ó sì yan Ògúnbíyì àti Láwóyin tì í.

Láwóyin àti Ọdẹ́rìndé jọ dàgbà ni. Wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ, wọ́n jọ jẹ ìyà ọwọ́ ọ̀gá. Oyin wà lórúkọ ọkùnrin náà, oyin sì wà lẹ́nu rẹ̀; kò sóhun tó o máa sọ tí kò ní mi orí sí. Ògúnbíyì ní tirẹ̀, bó o bá ní oòrùn ti yọ, á ní kó o ní sùúrù kí òun lọ wò ó ná. Bàbá tó bí bàbá mi ni Ògúnbíyì yìí, ẹni tó bá ń wòye ibi tí mo ti rí ẹnu tí mo fi ń bá yín jà, kó yéé wòye.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Igi ni, lẹ́yìn igi, igi náà ni. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sinmi, Ọdẹ́rìndé pín iṣẹ́. "Ògúnbíyì, lọ pọnmi. Láwóyin, dáná. Èmi á ṣọ́ ẹ̀yìn wa."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni n ó lọ sódò?" ni Ògúnbíyì fèsì. "Ṣé o mọ ohun tó wà nínú omi yẹn? Bí mo bá kígbe, ta ló máa kọ́kọ́ sáré wá? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Láwóyin rẹ́rìn-ín, ó ní, "A ti gbọ́, ọ̀gá."

Ọdẹ́rìndé pòṣé sí Ògúnbíyì, ó ṣẹ́jú sí Láwóyin. Wọ́n bára wọn fa ọ̀rọ̀ omi náà títí, Ògúnbíyì gbé akèrègbè, ó lọ, ó sì pọnmi dé. Nígbà tó dé, Láwóyin ti na gbọọrọ sábẹ́ igi, kò síná, kò séèéfín. Ó ní òun ti ń ronú ibi tí òun máa dá a sí ni.

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé èèyàn kì í fi pàṣán darí àgbàlagbà, ló bá wá ọgbọ́n mìíràn. Bó bá pa ẹran, igẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀gá ló ń gé fún Láwóyin. Ó ń fi oríkì ilé baba rẹ̀ kì í títí ara rẹ̀ á fi yá gágá. Ó gba ẹrù rẹ̀, ó kó o lé tirẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́, Ògúnbíyì náà á tẹ̀ lé ọ. Nítorí Àwẹ̀ró ni o." Láwóyin á ní, "A ti gbọ́, ọ̀gá mi, ẹ ṣeun." Ògúnbíyì ni kò fún ní nǹkan kan ju ojú líle lọ.

Wọ́n kan odò kan tó pọ́n bí epo, tó sì ń ṣàn gòkè. Iwin obìnrin kan jókòó sórí àpáta láàárín rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ wò ọ́, á la ọwọ́ sí ọ. Ó la ọwọ́ sí wọn, ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mẹ́ta, èèyàn mélòó ni yín?"

Ọdẹ́rìndé fọwọ́ lu àyà. "Ẹyọ kan ni wá! Ohun tí mo bá wí ni gbogbo wa wí."

"Irọ́ ni, màmá," ni Ògúnbíyì wí. "Ẹni mẹ́ta ni wá. A ò tíì jọ sọ̀rọ̀ débẹ̀ yẹn."

Láwóyin rẹ́rìn-ín músẹ́. Iwin náà yí ọwọ́ sí Ọdẹ́rìndé nìkan. "Nínú àwọn méjì tó tẹ̀ lé ọ yìí, ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀kan ń fi etí rìn. Èwo lo máa bá délé?"

"Àwọn méjèèjì ni," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí omi odò fi ń ta sí wọn lójú. Ó ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú kí wọ́n tó kọjá, ẹni tó bá jáwọ́, ẹni tó dì mú ni omi máa gbé lọ.

Láwóyin ní, "A ti gbọ́, màmá." Nígbà tí wọ́n dé àárín, omi fẹ́ kan àpò tábà rẹ̀. Ó jáwọ́ lára Ọdẹ́rìndé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò sókè. Omi gba ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìndé, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé e lọ. Ògúnbíyì tó wà lápá kejì kò jáwọ́. Ó ń gbin, ó ń bú ọba, ó ń bú igbó, ó ń bú ẹni tó bí Ọdẹ́rìndé, ó sì ń fà á títí ó fi wọ́ ọ sórí iyanrìn. Ẹ mọ ohun àkọ́kọ́ tí Ọdẹ́rìndé sọ nígbà tó mí? "Ògúnbíyì, o fẹ́ já mi lápá!" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Láwóyin sì nu tábà rẹ̀, ó ní ìfàsẹ́yìn omi náà mà lágbára o.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ìlú Elétíkan, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà iwin ń gbé. Etí kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní, ó hù láàárín orí, ó fẹ̀ bí ewé kókò. Wọn kì í wo ojú rẹ bó o bá ń sọ̀rọ̀, etí yẹn ni wọ́n á dà bò ọ́. Ọ̀gá wọn wọ́ ilẹ̀kùn kan jáde, ó dúdú, ó ga, ó gùn. Kò gba owó, kò gba ẹran. Ó ní ìdáhùn ni òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

"Màá bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé o gbà láti rù ú dé ẹnubodè yín, kí o sì dì í mú láìjáwọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi pa á, tó máa fi ta gbòǹgbò?"

"Mo gbà," ni Ọdẹ́rìndé wí kí ọ̀rọ̀ tó tán.

"N ò gbà," ni Ògúnbíyì wí. "Ta ló máa wà níwájú? Ibo la ti máa sọ̀? Bí òjò ò bá tètè rọ̀ ńkọ́? Bí ohun yẹn bá wá pe orúkọ tèmi níbi tí mo ti dì í mú ńkọ́?" Ó bèèrè, wọ́n dáhùn, ó tún bèèrè, títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná nílùú iwin. Ojú ń ti Ọdẹ́rìndé. Ìgbà tí Ògúnbíyì ò rí nǹkan bèèrè mọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Hẹ̀n, ó dáa. Mo gbà."

Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà kọjú sí Láwóyin. "Ìwọ ńkọ́?"

"A ti gbọ́, bàbá."

"Mo ní ṣé o gbà?"

"A ti gbọ́ dáadáa, bàbá. Kò síṣòro."

Iwin náà da etí bò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ó gbọ́. N ò tíì gbọ́ pé ó gbà."

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára, bí àjèjì bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹni bí ẹni tó ń wádìí olè? Bó ṣe rí lára Ọdẹ́rìndé nìyẹn. Ó bọ́ síwájú. "Bàbá, lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá ti lóun gbọ́, ó ti gbà náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo dúró fún un."

"O dúró fún un?"

"Mo dúró fún un."

"Bó bá jáwọ́ ńkọ́?"

"Mo ṣì dúró fún un!"

Ògúnbíyì fà á láṣọ. "Ọdẹ́rìndé, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ọdẹ́rìndé ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Gbogbo etí ìlú náà sì ká wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Wọ́n bá wọn gbé ilẹ̀kùn sórí, wọn ò tún bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọdẹ́rìndé wà níwájú, Ògúnbíyì wà láàárín, Láwóyin wà lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn náà fúyẹ́ nígbà tí wọ́n gbéra. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ọrùn Ọdẹ́rìndé ń wọ ejìká. Ògúnbíyì pariwo pé ẹni ẹ̀yìn ò ru nǹkan kan, pé ṣe ló fọwọ́ rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ. "Àròyé rẹ ti sú mi," ni Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn. Ó fi irọ́ tan ara rẹ̀ pé òkè ni wọ́n ń gùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tẹ́jú.

Wọ́n yọ sí Ìdí-Ìyeyè bí ọjọ́ ṣe ń lọ sópin, tí ojú ọ̀run dúdú, tí atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́. Àwọn ará ìlú ti wọlé, wọ́n ti fi òwú dí etí. Àwọn mẹ́ta náà gbé ilẹ̀kùn dúró ní ẹnubodè. Ògúnbíyì di apá ọ̀tún mú, Láwóyin di apá òsì níbi tí òpó àtijọ́ ti wó, Ọdẹ́rìndé fẹ̀yìn ti àárín. Ẹ̀kán òjò kan já bọ́. Igbó sì dákẹ́, kódà kòkòrò ò dún.

"Àwẹ̀ró!"

Ohùn náà ò pariwo o. Ohùn ìyá ni, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ wá jẹun. Ilẹ̀kùn gbé e mì, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó gba apá òsì kọjá, nítorí Láwóyin ti dẹwọ́. Wọ́n gbọ́ nínú ìlú tí ọmọdébìnrin kan dáhùn pé, "Òo!" Ilẹ̀kùn ilé kan ya gbàgà. Ẹsẹ̀ kékeré ń bọ̀.

"Láwóyin, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" ni Ọdẹ́rìndé kígbe. "Ọmọ mi ló ń bọ̀ yẹn!"

Láwóyin wo inú igbó. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sì jáwọ́.

"Láwóyin! O ní o gbà!"

"Èmi kọ́," ni Láwóyin wí. Kò bínú rárá, ó rọra ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu dídùn yẹn náà. "Ìgbà wo ni mo gbà? Mo ní a ti gbọ́. Ìwọ lo bá mi gbà. Ọmọ ìwọ ni wọ́n ń pè, Ọdẹ́rìndé, wọn ò pe tèmi. Ọba tó fi ọ́ ṣọ̀gá lé mi lórí, ṣé ó bi mí?" Ó yọ́ gba àlàfo náà kọjá, ó wọ inú ìlú lọ.

Ẹ̀yin èèyàn, igẹ̀ ẹran tó ti jẹ! Ẹrù tí wọ́n ti bá a rù! Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́rìndé láyà ju ohùn tó ń ti inú igbó wá lọ. Ṣùgbọ́n kò ráyè sunkún. Ó fò sí apá òsì, ó fi ẹ̀yìn dí àlàfo, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ra. Òjò dé, ó ń rọ̀ gidi. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ohun tútù kan ń gùn ún látẹsẹ̀. Ó wolẹ̀, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀, wọ́n ń ya bí ẹ̀ka. Ìgbà yẹn ló tó yé e irú ìdúró tí ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn ń bi í.

"Fà á yọ!" ni Ògúnbíyì ń ké láti apá ọ̀tún. "Kò tíì kọjá kókósẹ̀! Fà á yọ, Ọdẹ́rìndé!"

Ó lè fà á yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kékeré yẹn ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ lára pákó. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré, àlàfo á là. Ọdẹ́rìndé sọ fún Ògúnbíyì pé, "Bá mi sọ fún un." Kò lè parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí èèpo igi ti dé ọrùn rẹ̀.

Apenilórúkọ pè títí ohùn fi há, ilẹ̀kùn gbé gbogbo rẹ̀ mì. Lódìkejì, Àwẹ̀ró dúró, ó nu òjò lójú, ó yà á lẹ́nu pé òun wà níta, ó sì sáré padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìdí-Ìyeyè ní ilẹ̀kùn, apá òsì rẹ̀ sì ní òpó tuntun kan tó ga tó èèyàn.

Láwóyin ti dé ààfin kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó ní nígbà tí ohùn náà dún, Ọdẹ́rìndé jáwọ́, ó sá wọgbó, ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun Láwóyin lòun di ilẹ̀kùn mú. Ògúnbíyì kọ̀, ó jà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ ààfin, ó ní òpó yẹn gan-an ni Ọdẹ́rìndé. Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni Ògúnbíyì gba ohun tí ẹnikẹ́ni sọ rí?" Wọ́n fi Láwóyin joyè. Ó mú Àwẹ̀ró sílé, ó tọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, gbogbo ìlú sì ń yìn ín pé èèyàn rere ni.

Gbogbo ohùn tí ilẹ̀kùn yẹn bá gbé mì, òpó ló ń gbọ́ ọ. Ọdẹ́rìndé ń gbọ́ ẹsẹ̀ Láwóyin láràárọ̀ bó ṣe ń kọjá lọ sóko. Kì í dúró, kì í wòkè. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń ròyìn fún àlejò bí òun ṣe di ilẹ̀kùn mú, ó sì ń dùn ún lọ́tun ní gbogbo ìgbà, nítorí ìtàn náà ń dùn sí i lẹ́nu Láwóyin. Ògúnbíyì nìkan ló ń wá bá a jókòó, tó ń bá a ṣàròyé títí tó fi kú.

Àwẹ̀ró dàgbà, ó di ọmọge. Lọ́jọ́ kan ó ń ti odò bọ̀, ó sọ ìkòkò omi sílẹ̀ lẹ́nubodè, ó fẹ̀yìn ti òpó náà kó lè mí. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ bodè ní, "Àwẹ̀ró, àwọn àgbẹ̀ ní àwọn rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà igbó láàárọ̀, wọ́n ní ó jọ bàbá rẹ."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ká òṣùká rẹ̀ dáadáa. "Bó bá jẹ́ òun ni, bàbá, tó bá kàn yín níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó gbé ìkòkò rù, ó fọwọ́ kan di òpó náà mú kó má baà ṣubú, ó sì gba ọ̀nà ilé Láwóyin lọ.